Wọ́n ní kí a yọ earth kí Modbus lè dúró: ṣé ó bójú mu?

Oníbéèrè

PLC kan (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ), mítà iná kan, drive mẹ́rin (àpótí tó ń darí bí motor ṣe ń yára tó). Kéébù RS-485 oníwáyà méjì ló so gbogbo wọn pọ̀, Modbus RTU ni èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bit 9600 (0 tàbí 1) ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Drive mẹ́ta wà nínú pánẹ́ẹ̀lì kan náà pẹ̀lú PLC. Ìkẹrin, 15 kW, tó ń wa pọ́ǹpù omi, wà ní ilé pọ́ǹpù, ó tó 80 m sí pánẹ́ẹ̀lì. Bí pọ́ǹpù yẹn bá ti ń yí, HMI (ojú ìbòjú tí a fi ń wo ẹ̀rọ) á kọ ọ́ sójú pé òun ò gbọ́ ohùn drive náà mọ́; nígbà mìíràn mítà náà á bá a dákẹ́. Oníná kan tú wáyà earth kúrò lára drive yẹn, àṣìṣe ọ̀hún sì lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tí a bá fi tẹ́sítà kan ara pọ́ǹpù, ó ń tàn. Ó ní kò séwu, pé "ground Modbus" ti gba iṣẹ́ earth ṣe.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ṣé kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kí sì ni ìyàtọ̀ gan-an láàrin earth, ground, neutral, 0V, common àti shield? Ẹnu wa ò kò lórí wọn níbi iṣẹ́.

———

Ìyá Pánẹ́ẹ̀lì

Ẹ pa pọ́ǹpù yẹn kí ẹ tó ka ìlà tó kàn. Earth gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ lónìí. Bí Modbus ò bá dúró, ẹ máa fọwọ́ tan pọ́ǹpù, ẹ máa fọwọ́ pa á, títí a ó fi rí ohun tó ń ṣe é.

Nínú drive, kàpásítọ̀ wà láàrin wáyà iná àti ara irin rẹ̀, òun ló ń sẹ́ ariwo iná. Iná díẹ̀ ń gba ibẹ̀ jò lọ sí earth nígbà gbogbo, drive ò bàjẹ́ o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kéébù tó ti ara drive lọ sí motor náà ń jò tirẹ̀, bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe jò tó. Ìjò yìí sábà máa ń ju 3.5 mA lọ. Ìdí nìyí tí ìlànà IEC 61800-5-1 fi ní kí earth drive bẹ́ẹ̀ jẹ́ bàbà 10 mm² ó kéré tán, tàbí kí wáyà earth jẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, èkejì á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin wá tú ẹyọ kan tó wà.

Tí a bá tú u, iná tó ń jò ò ní dáwọ́ jíjò dúró. Á wá ọ̀nà mìíràn, ẹni tó gbọ́wọ́ lé pọ́ǹpù lórí ilẹ̀ tútù sì ni ọ̀nà tó yá jù. Bó bá ti tó nǹkan bí 10 mA, ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní lè tú ohun tó dì mú sílẹ̀ mọ́. Bó bá ju 30 mA lọ, tó sì gba àyà kọjá, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú.

Ti "ground Modbus ti gba iṣẹ́ earth ṣe" yẹn wá burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí òótọ́ ni! Shield kéébù Modbus, bébà fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọ̀n wáyà tín-ínrín, ló wá di earth fún drive 15 kW. Lọ́jọ́ tí wáyà phase kan (èyí tí iná ń gbà wọlé) bá kan ara drive yẹn, gbogbo iná náà á gba inú shield sáré wá sínú pánẹ́ẹ̀lì. Shield á jóná kí bíréékà tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, port PLC á bá a lọ, ara pọ́ǹpù á sì wà ní 230 V láìsí ẹni tó mọ̀.

Ó ku ti orúkọ.

Earth, tí àwọn ìwé ń kọ ní PE, ni wáyà aláwọ̀ ewé òun ìyeyè tó so gbogbo ara irin pọ̀. Kì í gbé iná iṣẹ́ rárá, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Neutral yàtọ̀: òun ni iná iṣẹ́ ń gbà padà sí transformer lójoojúmọ́, ẹ kà á mọ́ wáyà tó lè pani. 0V ni ẹsẹ̀ òdì páwà sọ́pláì 24 V yín, ibi tí a ti ń ka 24 bẹ̀rẹ̀. Ó lè wà láìkan earth rárá, èyí tí wọ́n ń pè ní SELV. Ó sì lè kan earth, ìyẹn PELV. Bó bá máa kàn án, ojú kan ṣoṣo nínú pánẹ́ẹ̀lì ni kó ti kàn án, kì í ṣe ibi tó bá wu olúkúlùkù. Common, tí àwọn mìíràn ń kọ ní C, SC tàbí GND lẹ́gbẹ̀ẹ́ A àti B (wáyà méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀), ni 0V ti port ìbánisọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Shield ni aṣọ tó bo wáyà kí ariwo má wọlé. Kò gbọ́dọ̀ rọ́pò earth, kò sì gbọ́dọ̀ rọ́pò common.

Ground nìkan ni kò ní ìtumọ̀ kan pàtó. Ìwé Amẹ́ríkà ń pe neutral ní "grounded conductor", ó sì ń pe earth ní "grounding conductor". Ẹ wo bí méjèèjì ṣe jọra tó. Oníná tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ìlànà Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa níbí, tó wá ń ka ìwé drive tí wọ́n kọ fún Amẹ́ríkà, lè so ọ̀kan mọ́ ojú èkejì pẹ̀lú ìgboyà. Ẹni tó bá ní kí ẹ so nǹkan mọ́ ground, ẹ bi í pé èwo.

———

Wáyà Dúdú

Ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ gbogbo eléyìí. Earth àti neutral kì í ṣe àjèjì síra wọn, ojú kan náà ni wọ́n ti so méjèèjì níbi transformer. Bí ilé pọ́ǹpù ò bá ní earth tó dáa, kí wọ́n fi wáyà kékeré so neutral mọ́ ara drive, ó tán.

———

Onímítà

Kò tán. Lákọ̀ọ́kọ́, drive oní-phase mẹ́ta kì í sábà lo neutral rárá: phase mẹ́ta àti earth ló ń wọlé, nítorí náà neutral lè má sí nílé pọ́ǹpù. Ẹ ó wá lọ fa á wá láti ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì?

Ká tilẹ̀ ní ó wà. Lóòótọ́ wọ́n so wọ́n pọ̀ níbi transformer, tàbí nínú pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ojú ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kálukú ń lọ, a kì í tún so wọ́n pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá tún so wọ́n nílé pọ́ǹpù, tí neutral wá já lọ́nà, ohunkóhun tó bá wà ní títàn ní ìsàlẹ̀ ibi tó ti já, gílóòbù kan péré, á ti 230 V bọ sára irin gbogbo tó wà níbẹ̀. Bíréékà ò ní já wálẹ̀, torí lójú tirẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kódà bí neutral ò bá já, apá kan iná iṣẹ́ á máa gba inú irin, páìpù àti shield Modbus yín padà. Ariwo tí ẹ̀ ń sá fún náà nìyẹn, ẹ fi owó yín rà á.

Nítorí jẹnẹrétọ̀, ó tún kù. Bí change-over yín bá jẹ́ onípólù mẹ́rin, ó ń gé neutral pọ̀ mọ́ phase. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, transformer ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìsopọ̀ earth òun neutral tó wà níbẹ̀ sì ti bá a lọ. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìsopọ̀ tirẹ̀. Bí kò bá ní, phase lè kan ara ẹ̀rọ kí nǹkan kan má já, torí iná ò rí ọ̀nà padà. Bó bá jẹ́ pólù mẹ́ta ni, neutral ò gé, ẹ má tún so ó mọ́ earth níbi jẹnẹrétọ̀.

Orúkọ tí ẹ fún ara yín gan-an, Wáyà Dúdú, ìṣòro wà nínú rẹ̀. Nínú àwọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì kún ilé iṣẹ́ wa, pupa, ìyeyè àti búlúù ni phase, dúdú ni neutral. Nínú àwọ̀ tuntun tí wọ́n fi dandan lé ní Bìrìtìkó láti 2006, bíráwùn, dúdú àti eérú ni phase, búlúù sì ni neutral. Dúdú tó jẹ́ neutral lánàá ti di phase, búlúù tó jẹ́ phase ti di neutral. Ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ní Nàìjíríà ní méjèèjì nínú, torí kéébù tó bá wà lọ́jà ni wọ́n ń rà. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Mítà ni ẹ̀rí.

———

Ará Ọ̀tà

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe lágbègbè wa rọrùn. Ọ̀pá earth tuntun fún drive nílé pọ́ǹpù, iyọ̀ àti èédú nínú kòtò rẹ̀. Ọ̀pá mìíràn lọ́tọ̀ fún PLC, "clean earth" ni à ń pè é, kí ìdọ̀tí drive má bàa kan PLC. Kí ló burú níbẹ̀?

———

Oníbéèrè

Ẹ ṣeun, a ti pa pọ́ǹpù. Ẹ̀gbọ́n Ará Ọ̀tà, ohun tó wà níbí gan-an nìyẹn. Kéébù oníwáyà mẹ́ta ló lọ sílé pọ́ǹpù, kò sí earth nínú rẹ̀. Ọ̀pá kan ni wọ́n gbá mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, wáyà ọ̀pá yẹn ni oníná náà tú.

———

Onímítà

Àbí ẹ rí i? Gbogbo àìsàn yín ló wà nínú ìlà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọ̀pá ilé pọ́ǹpù jẹ́ 20 ohm, earth transformer jẹ́ 2 ohm. Phase kan ara drive. Iná tó máa ṣàn ni 230 pín sí 22, kò tó 10.5 A. Bíréékà 63 A ò ní mira, iṣẹ́ tó ń ṣe lójúmọ́ ju ìyẹn lọ. Nínú 230 V náà, nǹkan bí 209 V ló máa dúró sára pọ́ǹpù, á sì wà níbẹ̀ títí ẹnì kan á fi fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá wà, earth wà, ikú náà wà. Ilẹ̀ kì í ṣe wáyà bàbà.

Ní ti iyọ̀: ó ń mú kí ilẹ̀ gbé iná dáadáa fún ìgbà díẹ̀, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, ó sì ń jẹ bàbà. Bentonite (irú amọ̀ kan) sàn jù ú lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn earth, tó ń lo ọ̀pá kékeré méjì mìíràn, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Mítà ọwọ́ lásán ò lè sọ òótọ́ fún yín níbẹ̀.

Ó wá ku "clean earth". Ọ̀pá méjì tí wáyà ò so pọ̀ kì í wà ní ipò kan náà rárá. Bí iná bá ń jò sínú ọ̀kan, ọ̀kan á ga ju èkejì lọ, volt á sì dúró láàrin wọn. Bí mànàmáná òjò bá wá bọ́ sílẹ̀ nítòsí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ni. Kí ló wá so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ yín? Kéébù Modbus. Òun ló ń fọwọ́ méjèèjì di ìjà náà mú. Ẹ lè gbá ọ̀pá mẹ́wàá mọ́lẹ̀ bó bá wù yín, kí wáyà bàbà ṣáà so gbogbo wọn mọ́ earth ńlá kan náà.

Ìdí tí Modbus fi gbádùn nígbà tí wọ́n tú earth kò ju èyí lọ. Drive náà wá ń léfòó, common rẹ̀ ò fi ọ̀pá tirẹ̀ ṣe ìdúró mọ́, ó ń bá ti PLC lọ sókè sódò. Oníná yín gbọ́ ìró àìsàn, ó gé etí aláìsàn.

———

Àlejò 485

Àwọn òbí earth ti sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká wọ inú kéébù.

RS-485 ò bìkítà iye volt tó wà lórí A tàbí B lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyàtọ̀ láàrin méjèèjì ló ń kà. Bí ìyàtọ̀ náà bá ju 200 mV lọ sí apá kan, 1 ni; bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ sí apá kejì, 0 ni. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń sọ pé "wáyà méjì ti tó". Kò tó. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ gbọ́dọ̀ rí A àti B láàrin −7 V sí +12 V sí common tirẹ̀. Bí earth ilé pọ́ǹpù bá fi 15 V yàtọ̀ sí ti pánẹ́ẹ̀lì, etí á di, kódà kí A àti B mọ́ tónítóní. Wáyà kẹta, common sí common, ni kò jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ìwé Modbus fúnra rẹ̀ béèrè fún un.

Ohun tó yẹ kí ẹ wọ̀n nìyí. Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí kéébù náà, kí ẹ wọn ohm láàrin A àti B níbi PLC. Ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 60, torí resistor 120 ohm kan, tó ń pa ìró tó fẹ́ ta padà, ló yẹ kó wà ní ìparí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 120, ẹyọ kan ló wà. Bí ẹ bá rí 40, mẹ́ta ni, ẹnì kan ti tan súwíìṣì kékeré kan láàrin ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sí rárá.

———

Ará Ọ̀tà

Resistor yẹn, ṣé ó pọn dandan? Mo mọ ilé iṣẹ́ tí kò ní ẹyọ kan, tí Modbus wọn sì ń lọ geere.

———

Àlejò 485

Ẹ tọ̀nà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 9600, bit kan ń gba nǹkan bí 104 µs. Kéébù 80 m, ìró tó lọ tó sì ta padà ò tó 1 µs. Ó ti parẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ka bit náà. Àìsí resistor kọ́ ló ń yọ ilé pọ́ǹpù lẹ́nu. Ní PROFIBUS (nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ẹ̀rọ mìíràn) oní-12 Mbps, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Àpọ̀jù resistor ló ń pa Modbus kékeré. Driver RS-485 (ẹ̀yà tó ń sọ̀rọ̀ sórí ìlà) ni wọ́n ṣe láti ti 1.5 V sínú 54 ohm. Bí ẹ bá fún un ní 40, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Bias tún wà níbẹ̀, ìyẹn resistor méjì tó ń di ìlà mú nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ká ní 560 ohm ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí 5 V. Pẹ̀lú 60 ohm láàrin A àti B, 254 mV ló máa dúró níbẹ̀, ó ju 200 lọ, gbogbo ẹ̀rọ á mọ̀ pé ìlà dákẹ́. Pẹ̀lú 40 ohm, 172 mV ni. Kò tó mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ á wá dà bí ọ̀rọ̀, ariwo kékeré láti ara drive á di bit, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Resistor kan péré tó lé ló ṣe èyí.

Ibì kan ṣoṣo ni bias ń wà o. Ó sábà máa ń jẹ́ níbi PLC.

———

Wáyà Dúdú

Ẹ dín 9600 kù sí 2400, gbogbo rẹ̀ á yanjú.

———

Àlejò 485

Ìyàtọ̀ earth ò mọ iyara. Ní 9600, lẹ́tà kan jẹ́ bit 11, ó ń gba 1.15 ms. Ìbéèrè onílẹ́tà 8 ń gba nǹkan bí 9 ms, èsì register 10 (àyè tí ẹ̀rọ ń kọ nọ́mbà rẹ̀ sí), tó jẹ́ lẹ́tà 25, ń gba nǹkan bí 29 ms. Ẹ̀rọ márùn-ún kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan láti yí po. Ní 2400, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú àṣìṣe tó ń jáde ná. Timeout túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò dáhùn: wáyà, nọ́mbà ẹ̀rọ, iyara tàbí parity (bit àyẹ̀wò) ni. Àṣìṣe CRC túmọ̀ sí pé ó dáhùn ṣùgbọ́n ariwo bà á jẹ́. Exception 02 túmọ̀ sí pé ó gbọ́ yín ketekete, ó ní òun ò ní register tí ẹ ń béèrè. Bí ẹ bá ti rí exception, ẹ fi kéébù sílẹ̀ o jàre, ìwé ni kí ẹ lọ kà. Lọ́pọ̀ ìgbà, 40001 inú ìwé ni 0 lórí wáyà, ẹ fi ẹyọ kan ṣìnà ni.

A àti B náà: ìlànà RS-485 ní A ni òdì (−), B ni rere (+). Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe drive kọ ọ́ sí òdìkejì. Bí ẹ̀rọ kan ò bá sọ̀rọ̀ rárá látọjọ́ tí ẹ ti so ó, ẹ yí wáyà méjèèjì padà, kò lè ba nǹkan jẹ́. Ti oníbéèrè kọ́ nìyẹn ṣá, torí tiwọn ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ kí pọ́ǹpù tó yí.

———

Ará Ọ̀tà

Shield ńkọ́? Wọ́n kọ́ wa pé ìparí kan ṣoṣo ni à ń so mọ́ earth.

———

Ìyá Pánẹ́ẹ̀lì

Fún 4–20 mA (wáyà sẹ́ńsọ̀), ìparí kan dáa, ní pánẹ́ẹ̀lì. Fún PROFIBUS, ìparí méjèèjì ni ìlànà wọn sọ. Fún kéébù láti drive lọ sí motor, ìparí méjèèjì ni dandan, kí clamp irin sì yí shield náà ká yíká-yíká, kì í ṣe kí ẹ fọ́n ọn bí irun kí ẹ dè é mọ́ screw kan. Ariwo drive kì í gba inú irun yẹn padà.

Fún Modbus, ìdáhùn dúró lórí earth. Bí bàbà gidi bá so ilé méjèèjì pọ̀, ẹ so shield ní méjèèjì. Bí kò bá sí, ìparí kan ni kí ó jẹ́ ná, torí bí ẹ bá so méjèèjì, iná earth á máa gba inú shield. Ẹ sì jẹ́ kí kéébù Modbus jìnnà sí kéébù motor, 20 cm ó kéré tán. Bí wọ́n bá máa kọjá ara wọn, kí wọ́n dá òpó àgbélébùú.

———

Wáyà Dúdú

Kí wọ́n ju gbogbo rẹ̀ nù, kí wọ́n gbé Ethernet wá. Modbus TCP, ó parí.

———

Àlejò 485

80 m ṣì wà nínú 100 m tí kéébù bàbà Ethernet lè lọ, transformer kékeré inú port rẹ̀ sì ń ya earth méjèèjì sọ́tọ̀ dé àyè kan. Fún ilé sí ilé, fiber ló dáa jù, torí gíláàsì ò gbé mànàmáná. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so port 502, ẹnu ọ̀nà Modbus TCP, mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Modbus kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà: 1979 ni ilé iṣẹ́ Modicon gbé e jáde, ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè pàṣẹ fún pọ́ǹpù.

Àfikún fún àwọn olókùn aláwọ̀ àlùkò: lórí plug PROFIBUS, tí ẹ bá ti súwíìṣì resistor sí ON láàrin ọ̀nà, ó ń gé kéébù tó ń jáde lọ. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìdajì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá kú lójijì lẹ́yìn tí ẹnì kan "fọ pánẹ́ẹ̀lì", ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

———

Oníbéèrè

Kí a tó ṣí drive yẹn: bọ́tìnnì pupa tó dà bí olú wà lára pánẹ́ẹ̀lì. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣé ó tó?

———

Ìyá Pánẹ́ẹ̀lì

Kò tó rárá. Bọ́tìnnì yẹn ń dá ìyípo dúró, kì í yọ iná. STO drive náà (àṣẹ tó ń gba agbára lọ́wọ́ motor) bẹ́ẹ̀: motor ò ní yí, ṣùgbọ́n iná ṣì kún inú drive.

Ẹ pa bíréékà tàbí isolator tó ń bọ́ drive yẹn. Ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kí páálí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí ẹni méjì bá ń ṣiṣẹ́, àgádágodo méjì. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ta ara rẹ̀ jí, ẹ rántí pa tirẹ̀ náà.

Ẹ wá dúró. Lórí iná 415 V, kàpásítọ̀ inú drive ń di nǹkan bí 587 V DC mú, kò sì lọ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára drive, 5, 10 tàbí 15, ni kí ẹ dúró, kì í ṣe ìgbà tí iná ojú rẹ̀ bá kú. Ẹ fi mítà wọn DC+ àti DC−. Mítà tó ní CAT III 1000 V lára, kí okùn rẹ̀ náà ní i. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ tó wọn ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì tún padà síbi tí iná wà. Mítà tó kú láàrin méjì á kọ 0 fún yín lórí ohun tó lè pa yín. Tẹ́sítà onígílóòbù kékeré tó ń tàn yẹn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lórí DC, ẹ fi sápò.

———

Oníbéèrè

A ti wọ̀n ọ́n. 40 ohm. Súwíìṣì resistor drive kejì nínú pánẹ́ẹ̀lì wà ní ON, bẹ́ẹ̀ àárín ló wà. A pa á, ó di 60. Common ò sí níbì kankan. Pẹ̀lú pọ́ǹpù nínú ìyípo àti earth ọ̀pá tó ti padà, volt AC láàrin common PLC àti ara drive ilé pọ́ǹpù jẹ́ 11 V.

———

Àlejò 485

11 V lórí mítà AC, òkè rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 15.5. Ó ti ré 12 kọjá, ó sì ń já sísàlẹ̀ −7 pẹ̀lú. Ó yé mi ìdí tó fi ń dití. Ẹ má kàn fa common mọ́ ọn kí earth tó tọ́ o, common náà á wá di earth. Earth ni àkọ́kọ́.

———

Onímítà

Bàbà 10 mm² láti ojú earth ńlá pánẹ́ẹ̀lì dé ara drive, kí ó rìn pọ̀ mọ́ kéébù iná rẹ̀, kí 10 mm² mìíràn sì ti ara drive dé ara motor bí kéébù motor ò bá ní tirẹ̀. Ní 80 m, ó jẹ́ nǹkan bí 0.15 ohm dípò 22. Bí phase bá kan ara irin báyìí, iná á di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere, bíréékà á já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá ilé pọ́ǹpù kò ní kúrò, ẹ kàn so ó mọ́ wáyà yìí ni. Kéébù oníwáyà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ló sàn jù bí owó bá wà. Lẹ́yìn náà ni common, lẹ́yìn náà shield ní ìparí méjèèjì. Isolator RS-485 (ó ń ya iná ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀) lẹ́nu ọ̀nà ilé pọ́ǹpù ò ní burú, torí mànàmáná.

———

Oníbéèrè

A ti fa á. 0.4 V ló kù láàrin ibẹ̀, tẹ́sítà ò tàn mọ́ lára pọ́ǹpù, CRC kò wáyé láti àárọ̀. Ọ̀kan ló ṣẹ́ kù: RCD 30 mA (bíréékà tó ń já bí iná bá ń jò) tó ń bọ́ ilé pọ́ǹpù wá ń já wálẹ̀ bí drive bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí earth ò sí, kì í já.

———

Onímítà

Nígbà náà, ìjò ò rí ọ̀nà tó dáa kọjá ni. RCD 30 mA wà fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn, kò bá ìjò drive 15 kW mu. Ẹ yọ drive kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé pọ́ǹpù dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ RCD fún drive, 300 mA, type B ni kí ẹ rà. Type A kò gbọ́dọ̀ rí ju 6 mA DC lọ, bó bá ti rí i, ojú rẹ̀ á fọ́, kò sì ní já wálẹ̀ mọ́ kódà fún ohun tó yẹ kó já fún. Type B wọ́n lówó, ẹ múra sílẹ̀.